Àwọn Tó Bá Mi Kó Iyẹ̀pẹ̀ Olóró Kúrò ní Láfẹ́nwá: Bí Iṣẹ́ Wọn Ṣe Rí

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Owó wọn wọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí onítípà ń gbà, àmọ́ iṣẹ́ onítípà kọ́ ni wọ́n ṣe.

Mẹkáníìkì àtàwọn tó ń tún bátìrì ṣe ló ti wà lórí ilẹ̀ yẹn kí n tó rà á. Iyẹ̀pẹ̀ òkè rẹ̀ dúdú bí èédú, ó ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì. Bíríkìlà mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi dí kòtò ojú títì, àdúgbò á máa dúpẹ́." Àdúgbò tí àwọn ọmọdé ti ń sáré láìwọ bàtà! Ká ní ọ́ìlì nìkan ni, téèyàn bá po ìgbẹ́ adìẹ mọ́ ọn tó sì ń tú u, àwọn kòkòrò àìfojúrí á jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Òjé inú bátìrì ńkọ́? Kì í jẹrà. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé pa ọmọdé tó lé ní 400, wọ́n sì ní láti gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ agboolé kúrò lọ rì mọ́lẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ bu lára iyẹ̀pẹ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó dá iye owó. Lọ́jọ́ iṣẹ́, wọ́n ń wọ́n omi sí i kí eruku má baà gbé e. Ìyá tó ń darí wọn ò gba gbẹ̀rẹ́: ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra nígbà tó rí i pé nǹkan dúdú ń kán lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n paná ọkọ̀, ó fi ìyẹ̀fun pákó dí etí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà, ó tún tapólì dè, ó fọwọ́ fà á wò.

Mo ní màá tẹ̀ lé ọkọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ń fà sẹ́yìn, wọ́n padà gbà. Kì í ṣe ààtàn tí gbogbo ìlú ń da ilẹ̀ sí ni wọ́n gbé e lọ, ibi tí wọ́n dìídì ṣe fún ìdọ̀tí olóró ni. Amọ̀ ni wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀ kòtò ibẹ̀, wọ́n tẹ́ ọ̀rá dúdú tó nípọn lé e, páìpù sì ń fa omi tó bá sun lọ sínú táǹkì. Ààtàn lásán ò ní ìkankan nínú èyí. Orí àpáta la wà l'Abẹ́òkúta, kànga wa ò jìn; omi tó bá gba inú ìdọ̀tí kọjá lè dé ibi tá à ń fa omi mímu.

Ibi tí ìràwọ̀ kan ti já: ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún mi, "iyẹ̀pẹ̀" nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí òjé, kò sí ìwọ̀n, kò sí orúkọ ibi tí wọ́n dà á sí. Mo pè wọ́n títí kí wọ́n tó tún un kọ. Bẹ́ẹ̀, ìwé yẹn ni màá fi han ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ náà lọ́la. Wọ́n tún fi kòtò gbàgàdà sílẹ̀ fún mi. Owó iyẹ̀pẹ̀ tuntun ò sí nínú àdéhùn.

Màá tún pè wọ́n, àmọ́ a máa kọ ti iyẹ̀pẹ̀ tuntun sínú ìwé kí n tó sanwó.