Ẹ Ṣọ́ra fún Oníbàtà Tó Ní Òun Ní Sáìsì Àwọn Màmá Ẹlẹ́sẹ̀ Kékeré

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹsẹ̀ yín kò ju 36 lọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí oníbàtà kankan lórí Instagram tàbí WhatsApp tó ń pariwo pé òun ní bàtà ìgbàlódé fún àwọn màmá tí ẹsẹ̀ wọn kéré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán ná.

Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é fún mi. Kì í ṣe pé mo ń bò ó láṣìírí. Láàárín oṣù mẹ́ta tí mo ti ń tọpa rẹ̀, ó ti yí orúkọ ìsọ̀ rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì. Àwòrán kan náà ni, nọ́ńbà ló yàtọ̀. Bí mo bá ní kí ẹ sá fún Lágbájá lónìí, Làkásègbè ni yóò máa jẹ́ lọ́la. Ọgbọ́n tó ń dá ni kí ẹ mọ̀, ìyẹn kì í yí padà.

Ẹ̀yin tó mọ̀ mí mọ̀ pé èèyàn kúkúrú ni mí. Ọmọ ọdún 67, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íńṣì mọ́kànlá. Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà, àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà mìíràn máa ń ga jù mí lọ, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó nà wọ́n. Gíga kò dùn mí rí. Ẹsẹ̀ ló ń fún mi ní wàhálà: láàárọ̀ 35, bó bá di ìrọ̀lẹ́ tó wú díẹ̀, 36. Ẹ lọ sí Alẹ́ṣinlóyè, ẹ lọ sí Dùgbẹ̀, ẹ béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta bàtà obìnrin. Wọ́n á wo ẹsẹ̀ yín, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tàwọn ọmọdé." Bí ẹ bá débẹ̀, èyí tí wọ́n ya labalábá sí lára lẹ ó bá, tàbí èyí tó ń tan iná bí ọmọ bá ń sáré. Ṣé ìyẹn ni àgbàlagbà yóò wọ̀ lọ sí òde ìgbéyàwó?

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ yìí gan-an ni ọkùnrin náà dẹ takúté rẹ̀ sí.

Ọmọ àbúrò mi ló fẹ́ ṣe ìdána ní Abẹ́òkúta. Léèsì aláwọ̀ àlùkò ni aṣọ ẹbí, gèlè sì jẹ́ góòlù. Mo ń wá bàtà góòlù. Àbíkẹ́yìn mi ló fi fóònù rẹ̀ hàn mí pé ohun tó ń lọ lóde báyìí ni bàtà tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ nípọn látẹ̀yìn dé iwájú. Mo wò ó, mo bú sẹ́rìn-ín. Gàrántíì tí à ń pè é nígbà náà ni! Bàtà tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa fi owó Udoji, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fáwọn òṣìṣẹ́, rà ní 1975, tí wọ́n ń wọ̀ rìn bí ẹni gun àgéré, òun náà ló tún padà wá yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi nípa bàtà yẹn, torí kì í ṣe ohun burúkú fún obìnrin kúkúrú. Nítorí pé iwájú rẹ̀ náà ga, ẹsẹ̀ kì í dagẹ̀rẹ́. Bí ẹ̀yìn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 7, tí iwájú sì ga ní 3, bí 4 péré ló máa rí lára ẹsẹ̀ yín, orúnkún ò sì ní bínú tó ti bàtà gogoro. Ìró wa tó ń gbálẹ̀ á sì gbéra sókè díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àtẹ́lẹ̀ yẹn bá nípọn jù, ẹlẹ́sẹ̀ kékeré á dà bí ẹni tó ki ẹsẹ̀ bọ inú odó. Bí ẹ bá sì ń wọ síkẹ́ẹ̀tì tàbí gáùn, ẹ má ra èyí tí okùn rẹ̀ yí ọrùn ẹsẹ̀ ká, ńṣe ló máa ń gé ẹsẹ̀ kúrú. Lábẹ́ ìró, kò sẹ́ni tó ń rí i, ẹ dè é bó ṣe wù yín. Èmi fẹ́ èyí tó mọ níwọ̀n: 5 lẹ́yìn, 2 níwájú, gìgísẹ̀ tó gbòòrò, imú tó ṣe ṣónṣó díẹ̀, góòlù tí kì í dán bí páànù tuntun.

Gbogbo èyí ni mo kọ ránṣẹ́ sí oníbàtà náà. Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tó fi dáhùn: "Mọ́mì mi, a ní i! 36 gangan. Ojúlówó awọ, Ítálì ló ti wá." Ó ní ₦38,000, ₦4,000 fún wébílì láti Èkó wá sí Ìbàdàn. Ó ní ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, ìyá kan ní Ìkẹjà sì ti ń yọ òun lẹ́nu lórí rẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún 31 sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fara balẹ̀ ka ìbéèrè kí wọ́n tó dáhùn, mo sáré sanwó.

Ọjọ́ Ajé ni mo sanwó. Lójoojúmọ́ ló ń ní "ó ti wà lọ́nà, Mọ́mì." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ẹrù dé gáréèjì, ìdána sì di àárọ̀ Sátidé. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn awakọ̀ ló fà á. Ìgbà tí mo gbọ́ tẹnu àwọn mìíràn ni mo tó mọ̀ pé bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn: á béèrè ọjọ́ tí òde yín bọ́ sí, á sì rí i pé ẹrù dé nígbà tí kò sí àyè láti dá a padà. Ẹ má sọ ọjọ́ òde yín fún oníbàtà láéláé.

Bàtà náà rẹwà, mi ò ní parọ́. Bébà róbótó kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ 36 sí. Mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ìka méjì wọlé sẹ́yìn gìgísẹ̀ mi. Mo pè é. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fi òwú díẹ̀ há a níwájú, bàtà Ítálì máa ń fẹ̀ díẹ̀." Ọmọ mi ò gbà. Ó fi èékánná ká bébà yẹn kúrò, ó sì bá 38 tí wọ́n tẹ̀ mọ́ rọ́bà lábẹ́ rẹ̀ kedere. A wá gbé ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀ sókè. Fóòmù aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n tò síbẹ̀ ní ipele méjì, irú ti orí bẹ́ẹ̀dì gan-an, wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e wọ́gọwọ̀gọ. Ibì kan wà lára rẹ̀ tí aṣọ bẹ́ẹ̀dì olódòdó ṣì lẹ̀ mọ́.

Ibí ni mo ti ṣàṣìṣe, mo sì ń sọ ọ́ kí ẹlòmíì má bàa ṣe é. Ó yẹ kí n dì í padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní àbí kí ni màá wọ̀? Mo fi òwú há a, mo sì gba Abẹ́òkúta lọ.

Àdúrà ti parí, wọ́n ti ka lẹ́tà tán, alága ìjókòó ní kí ẹbí ìyàwó dìde jó. Onígángan dé iwájú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì bàbá mi kì mí. Ta ló máa gbọ́ ìyẹn tí yóò jókòó? Mo bọ́ sójú agbo. Wọ́n ń lẹ owó mọ́ mi níwájú orí, orí mi ń wú. Lójijì ni ẹsẹ̀ òsì mi wọlẹ̀, bí ẹni tó tàsé àtẹ̀gùn kan. Mo rò pé nǹkan ni mo tẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí èérún dúdú lórí táìsì funfun, ó tẹ̀ lé mi láti ẹnu ọ̀nà, bí èépá ìsàlẹ̀ ìkòkò tí wọ́n ha. Ọmọdékùnrin kan gbé odidi awẹ́ kan bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ gbà, nǹkan yín rèé." Onílù aláìníláárí yẹn ti rí i. Ó yí ohùn ìlù padà kíá, àwọn tó gbọ́ ìlù ń di ikùn mú. Mi ò ní sọ ohun tó fi ìlù sọ níbí.

Bàtà ọ̀tún ló wá fẹ́ gbé mi ṣubú. Ẹsẹ̀ yí, ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò mi tó gbá mi mú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń fi omi gbígbóná tẹ ọrùn ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ orí tiwa, ẹ mọ ohun tí ìṣubú lè dà.

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ Haúsá tó ń rán bàtà kiri àdúgbò wa ń lu àpótí rẹ̀ bọ̀, mo pè é. Ó fi àtàńpàkò tẹ àtẹ́lẹ̀ tó kù, àtàńpàkò wọlé bí ẹni tẹ àkàrà àná. Ó ní, "Ìyá, kì í ṣe wíwọ̀ ló bà á jẹ́. Ó ti gbó nínú páálí." Mo bi ọmọ mi tó kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì, òun náà ní òótọ́ ni. Irú àtẹ́lẹ̀ fúyẹ́fúyẹ́ yìí, polyurethane ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ wọ̀ ọ́ rí. Bó bá ti pẹ́ lọ́dún mélòó kan, pàápàá níbi tó móoru tí ọ̀rinrin sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ bíi tiwa, òde rẹ̀ á ṣì máa dán, inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Ọjọ́ tí ẹ bá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ ló máa tú. Èrò mi ni pé irú bàtà bẹ́ẹ̀ ló ń kó jọ ní ẹ̀dínwó, èyí tó ti pẹ́ ní ìsọ̀ tí kò rí ẹni rà á, á nù ún, á lẹ 36 mọ́ ọn. Awọ Ítálì ńkọ́? Góòlù ti bó níbi tó ti ń ká, aṣọ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Awọ gidi, etí ibi tí wọ́n ti gé e máa ń ní fọ́nrán bíi ti irun.

Mo sọ ọ́ nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, àwọn méjì ní àwọn náà ti kó sí i. Ti ọ̀kan, bàtà ọmọdé ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ti fa òdòdó iwájú rẹ̀ ya, ojú gọ́ọ̀mù ṣì wà níbẹ̀. Gígùn rẹ̀ bá a mu, àmọ́ egungun ẹ̀gbẹ́ àtàńpàkò ẹsẹ̀ ìyá náà ti yọ síta, kò lè wọ̀ ọ́ dé ẹnu géètì. Èkejì, nọ́ńbà ni wọ́n fi dà á láàmú. Ohun tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀n ń pè ní 3 tàbí 3 ààbọ̀ ló sún mọ́ 36, Amẹ́ríkà á pè é ní 5 ààbọ̀ tàbí 6. Oníbàtà á mú èyí tó wù ú nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀, sẹ̀ǹtímítà ni kí ẹ bá a sọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ tẹ bébà sílẹ̀, ẹ fi gìgísẹ̀ ti ògiri, ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí ìka tó gùn jù dé, kí ẹ sì wọn ẹsẹ̀ méjèèjì. Èyí tó bá jẹ́ 22.5 á máa bọ́ sí 35, 23 á bọ́ sí 36. Ọ̀pọ̀ bàtà tó ń ti Ṣáínà wá ni wọ́n kọ 225 tàbí 230 sí lára, ohun kan náà nìyẹn. Kí oníbàtà pè yín lórí fídíò, kí ó gbé ìtẹ́lẹ̀ sókè kí ẹ rí abẹ́ rẹ̀, kí ó ká bébà ìdí rẹ̀ kúrò, kí ó fi àtàńpàkò tẹ àtẹ́lẹ̀, kí ó sì tẹ bàtà po lójú yín. Bó bá ní kámẹ́rà òun bàjẹ́, kó lọ tún kámẹ́rà ṣe ná.

Nígbà tí mo ní kó dá owó mi padà, àwòrán kan ló fi dá mi lóhùn, pé ọjà tó bá ti kúrò lọ́wọ́ òun, ó ti kúrò nìyẹn. Irọ́ ni. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 wà, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà, ló ń rí sí i. Abala 122 rẹ̀ gbà wá láàyè láti dá ọjà tí a kò rí yẹ̀ wò kó tó dé padà láàárín àkókò tó bójú mu, bí kò bá rí bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí a sì gba gbogbo owó wa. Àmọ́ èmi ti wọ̀ ọ́ jó, ọ̀rọ̀ tèmi ti di wọ́gọwọ̀gọ díẹ̀. Mo ti kó rìsíìtì, àwòrán 38 yẹn àti gbogbo ohun tí a jọ kọ síra wa ránṣẹ́ sí àjọ náà, mo sì ti fi tó báǹkì létí. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wọ tiyín, ẹ má wọ̀ ọ́ o. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ dì í padà.

Ṣúmẹ́kà kan níbí ló wá bá mi ṣe òmíràn. Ó wọn ẹsẹ̀ mi lórí bébà, awọ Mushin, rọ́bà gidi lábẹ́ rẹ̀, gìgísẹ̀ 5 bí mo ṣe fẹ́. ₦27,000, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Góòlù rẹ̀ kò dán tó ti àkọ́kọ́, àmọ́ mo ti wọ̀ ọ́ lọ sí òde mẹ́ta, mo sì gbé e padà wálé lódidi.

Àná ni ọmọ mi tún rí ọkùnrin yẹn pẹ̀lú orúkọ tuntun. Àwòrán bàtà góòlù yẹn náà ló gbé síwájú. Ó ní ó ku ẹyọ kan ṣoṣo.