Bátìrì Kejì fún Orin Inú Bóòtì: Èwo Lẹ Fẹ́ Rà, Kí Lẹ Sì Máa Fi Sáàárín?

Bóòtì gúnlẹ̀ sí Tarkwa Bay lọ́sàn-án Sunday, orin ń dún, ẹ̀rín ń sọ. Nígbà tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, sítátà ké "ta-ta-ta-ta", ẹ́ńjìnnì ò kíìkì. Rédíò ṣì ń dún o. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà: bátìrì tó ti wálẹ̀ dé nǹkan bí 11.8V ṣì lè gbé orin wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò lè yí ẹ́ńjìnnì 115 (agbára ẹṣin 115) mọ́.

Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń wá bátìrì ọ̀tọ̀ fún orin. Àmọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé lọ sí Alaba: bátìrì wo ló dáa? Èkejì ló ń pinnu bóyá owó yín á ṣòfò: kí ló máa dúró láàárín bátìrì ẹ́ńjìnnì àti bátìrì orin, ṣé ẹ́ńjìnnì yín sì lágbára àtiṣájì méjèèjì?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí orin yín ń jẹ

Ẹ má wo 2000W tí wọ́n kọ gàdàgbà sára àńpílífáyà, ìpolówó ni. Fíúsì ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Èyí tí fíúsì 40A wà lára ẹ̀ kò lè fa ju nǹkan bí 500W lọ kó pẹ́, kí fíúsì náà má jó. Bí orin bá ń dún níwọ̀n tí èèyàn ṣì lè bára wọn sọ̀rọ̀, irú àńpílífáyà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fa 10A sí 12A, nítorí orin kì í wà lókè ní gbogbo ìgbà. 12A fún wákàtí márùn-ún jẹ́ 60Ah (Ah ni A lọ́nà iye wákàtí). Nọ́ńbà yìí ni kẹ́ ẹ gbé lọ sọ́jà. Tẹ́ ẹ bá ní clamp meter tó ń ka DC, ẹ fi gbá wáyà pupa mú nígbà tí orin ń dún, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i.

Àwọn bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| 12V, 100Ah | Bátìrì ọkọ̀ olómi | AGM (wọ́n dì í pa, ásíìdì ẹ̀ kì í dà) | Lithium (LiFePO4) |
|---|---|---|---|
| Ìwúwo | bíi kìló 25 | bíi kìló 30 | kìló 10 sí 13 |
| Ohun tẹ́ ẹ lè lò nínú ẹ̀ | ìdajì, kó tiẹ̀ má tó bẹ́ẹ̀ | 50Ah | 80 sí 90Ah |
| Bó bá kún, tó sinmi | 12.6V | 12.8V | 13.3V |
| Bí bóòtì bá ń fò lórí ìgbì | ásíìdì lè dà | kò sí wàhálà | kò sí wàhálà |
| Owó | ó kéré jù | àárín | ó ga jù |

Bátìrì ọkọ̀ olómi, irú tó kún Ládìípọ̀, irin inú ẹ̀ fẹ́lẹ́. Wọ́n ṣe é kó fi agbára ńlá yí ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó sì gba ṣájì padà kíá. Tí orin bá ń fà á gbẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í pẹ́ tó fi ń dákú. Nígbà tó bá ń gba ṣájì, ó tún máa ń tú gáàsì tó lè gbaná jáde, nínú bóòtì tí táǹkì epo kò jìnnà sí i.

Bátìrì ínfátà gíga tí wọ́n ń pè ní tubular, a ò tiẹ̀ fi sínú tábìlì. Ó gba ìfà gígùn dáadáa lóòótọ́, ọ̀pọ̀ sì ti ní in nílé, ìyẹn ló ń tanni jẹ. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n ṣe é fún. 220Ah wọn ju kìló 50 lọ, ó ga, omi ló wà nínú ẹ̀. Kí ìgbì kan gbá bóòtì nísàlẹ̀ ní Commodore Channel, ẹnu òkun Èkó, ásíìdì ti dà sẹ́sẹ̀ èrò.

AGM ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa lò tí wọn ò ní kábàámọ̀. Ẹ ka ara ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó, nítorí ìsọ̀ kan náà ni wọ́n ti ń ta gel, èyí tí ásíìdì inú ẹ̀ ki bí ògì. AGM ń fẹ́ ṣájì 14.4V sí 14.7V. Gel kì í fẹ́ ju nǹkan bí 14.2V lọ; ẹ́ńjìnnì tó bá ń fún un ní 14.5V á gbẹ ẹ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀, kò sì ṣeé bu omi sí.

Lithium fúyẹ́, ó sì máa ń pẹ́ ju AGM lọ dáadáa. Pátákó kan wà nínú ẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ, BMS, tó máa ń já iná bí ìfà bá pọ̀ jù. Ẹ fi BMS 50A sábẹ́ àńpílífáyà méjì, gbogbo ìgbà tí bass bá wọlé lorin á máa kú. 100A ni kẹ́ ẹ béèrè. Ti ínfátà ilé ló pọ̀ jù lọ́jà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì lè fara da omi, ẹ wá IP65 lára ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì gbé e sórí ìwọ̀n níṣojú ẹni tó ń tà á: 100Ah tó bá fúyẹ́ jù, inú ẹ̀ lè má pé.

Ohun tó máa dúró láàárín méjèèjì

Súìṣì ọlọ́wọ́, èyí tí wọ́n kọ 1, 2, BOTH àti OFF sí, ni owó ẹ̀ kéré díẹ̀. Kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Èèyàn ló máa ń bà á jẹ́: ẹ gbàgbé ẹ̀ sí BOTH, bátìrì méjèèjì á gbẹ pọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sì yí i kọjá OFF nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lè jó rectifier ẹ́ńjìnnì náà, ìyẹn ohun tó ń sọ iná ẹ́ńjìnnì di DC fún bátìrì.

VSR (voltage sensitive relay, súìṣì tó ń wo fóltéèjì) ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìfọwọ́kàn. Tí ṣájì ẹ́ńjìnnì bá gbé bátìrì sítátà dé nǹkan bí 13.4V, á so méjèèjì pọ̀. Tó bá já sí 12.8V, á tú wọn ká. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ "ignition protected" sí, torí iná inú ẹ̀ lè mú afẹ́fẹ́ epo. Ẹ wo tábìlì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: lithium tó sinmi wà ní 13.3V. VSR kò ní mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti kú, kò ní tú u sílẹ̀, lithium á sì máa da iná sínú bátìrì sítátà títí agbára ẹ̀ á fi lọ sílẹ̀ gan-an. VSR àti AGM, ó bára mu. VSR àti lithium, rárá.

Isolator onídáódù, tó máa ń pín ṣájì sí bátìrì méjèèjì, ń jẹ nǹkan bí 0.7V nínú ṣájì náà. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ṣájà DC-DC, tó ń gba iná lára bátìrì sítátà láti fi ṣájì bátìrì orin, ni ti lithium. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ẹ̀, 18A tàbí 30A, ló máa fún lithium, lithium ò sì ní lè gbá ẹ́ńjìnnì lọ́rùn. Tí ṣájì ẹ́ńjìnnì yín bá jẹ́ 35A, ẹ rántí pé orí eré ló ti ń fúnni níyẹn. Tó bá ń rọra lọ, kì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ra 18A. Ara ẹ̀ máa ń gbóná, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Láti Falomo dé Tarkwa Bay kò sábà ju ààbọ̀ wákàtí lọ. 18A fún ààbọ̀ wákàtí jẹ́ 9Ah, orin yín sì jẹ 60. Ẹ́ńjìnnì ò lè dá a padà láé. Nítorí náà, ẹ nílò ṣájà oníná ilé ní èbúté, tàbí pánẹ́ẹ̀lì oòrùn lórí bóòtì; 100W ń fúnni ní nǹkan bí 25Ah lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. AGM tí wọ́n bá fi sílẹ̀ láìkún láti Sunday dé Sunday, sulphate á máa bo irin inú ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ kò ní lè gba ṣájì dáadáa mọ́. Lithium ò bìkítà. Ibí yìí ló ti ń dá owó tẹ́ ẹ san padà.

Tó bá jẹ́ Yamaha 40 olókùn fífà lẹ ní, ẹ má so bátìrì orin mọ́ ọn rárá. Ṣájì ẹ̀ kéré jù. AGM àti ṣájà èbúté ti tó. Ẹ́ńjìnnì 75 sí 115 fún ìgbádùn òpin ọ̀sẹ̀: AGM àti VSR, ṣùgbọ́n 60Ah ti kọjá ìdajì 100Ah, nítorí náà ẹ ra 120Ah. Ẹni tó ń fi bóòtì pawó, tí orin ń dún látàárọ̀: lithium 100Ah àti DC-DC.

Wáyà

Bí àńpílífáyà bá jìnnà sí bátìrì ní mítà márùn-ún, tó sì ń fa 40A, wáyà 6 mm² á jẹ nǹkan bí 1.2V lójú ọ̀nà. 25 mm² ò ní jẹ tó 0.3V. Ẹ fi ọ̀bẹ ha orí wáyà náà kẹ́ ẹ tó rà á: tí inú ẹ̀ bá funfun bí ìkòkò alumí, tí kò pọ́n, omi iyọ̀ á sọ ọ́ di ẹ̀tù láàárín oṣù díẹ̀. Fíúsì 60A kò gbọ́dọ̀ jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ sí orí bátìrì. Orí òdì (−) bátìrì méjèèjì gbọ́dọ̀ so pọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ VSR ò ní ṣiṣẹ́. Pọ́ǹpù tó ń fa omi ìsàlẹ̀ bóòtì, ẹ jẹ́ kó dúró lórí bátìrì sítátà, kó má gba súìṣì orin kọjá.

Kẹ́ ẹ tó sanwó fún rìwáyà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ sinmi díẹ̀, kẹ́ ẹ wọn bátìrì sítátà. Ẹ tan orin fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ tún un wọ̀n. Nọ́ńbà náà kò gbọ́dọ̀ yí padà. Tó bá wálẹ̀, wáyà yẹ́lò rédíò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọpasẹ̀, òun ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé sórí bátìrì sítátà.