Wẹ́bsáìtì yín n'Ílọrin: ẹni tó ní sátífíkéètì àbí ẹni tó ní línkì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta òfì, ẹ̀yin onílé oúnjẹ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ nílé ìwé n'Ílọrin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe wẹ́bsáìtì, irú èèyàn méjì lẹ máa bá pàdé ní Tanke yẹn: ọ̀kan á kó sátífíkéètì síwájú yín, èkejì ò ní pépà kankan, línkì wẹ́bsáìtì tó ti ṣe ló máa fi sórí WhatsApp yín. Tówó wọn bá dọ́gba, onílínkì ni kẹ́ ẹ gbéṣẹ́ fún.

Pépà ò jọ pépà ṣá o. Èyí tí wọ́n fi mímú A, B, C gbà, kò sọ ju pé onítọ̀hún rántí ìdáhùn lọ́jọ́ yẹn. Ti freeCodeCamp, wẹ́bsáìtì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí, sàn, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fúnni ní ti Responsive Web Design (ṣíṣe wẹ́bsáìtì tó bá fóònù àti kọ̀ǹpútà mu), èèyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe pròjẹ́ẹ̀tì 5, ẹ ní kó ṣí wọn kẹ́ ẹ rí i. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí ò tíì rí kọ́sítọ́mà, ẹ má lé e, àwọn pròjẹ́ẹ̀tì yẹn náà iṣẹ́ ni. Ẹ tún wo ọdún tó gba sátífíkéètì yẹn, torí iṣẹ́ yìí ń yí padà: Adobe ti pa Flash, tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán tó ń rìn lórí wẹ́bsáìtì tẹ́lẹ̀, tì láti ìparí 2020, CSS Grid tí wọ́n fi ń to ojú ewé báyìí, 2017 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Chrome.

Línkì ni kẹ́ ẹ jókòó tì dáadáa. Ẹ má wò ó lórí láptọ́ọ̀pù tiẹ̀ o, fóònù kékeré tí àwọn oníbàárà yín ń lò ni kẹ́ ẹ fi ṣí i, dátà ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ dẹ̀ bọ́ sínú oòrùn l'Ọ́jà Ọba. Google ní kí ohun tó tóbi jù lójú ewé ti yọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Tí fọ́tò òfì kan bá ń yọ díẹ̀díẹ̀ látòkè wá sísàlẹ̀, bó ṣe yà á ló ṣe gbé e síbẹ̀, kò dín in kù, dátà oníbàárà ló ń jẹ yẹn. Tí lẹ́tà bá jẹ́ àwọ̀ eérú lórí funfun, tẹ́ ẹ̀ ń fún ojú pọ̀ kẹ́ ẹ tó rí iye owó, kò tẹ̀ lé WCAG, ìlànà tó ń jẹ́ kí wẹ́bsáìtì rọrùn fún gbogbo èèyàn láti lò, tó ní kí àwọ̀ lẹ́tà àti tẹ̀yìn ẹ̀ yàtọ̀ síra tó 4.5 sí 1.

Àmọ́ línkì náà lè parọ́, àwọn kan ń pe iṣẹ́ oníṣẹ́ ní tiwọn. Ẹ ní kó yí iye owó ọjà kan padà lójú yín, kó gbé bọ́tìnnì WhatsApp lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó ṣe é fúnra ẹ̀ ò ní pẹ́, ẹni tó yá a á ní òun ń bọ̀ lọ́la.

Èyí tí pépà àti línkì ò lè sọ fún yín ni orúkọ tó máa fi ra dóménì, ìyẹn àdírẹ́sì wẹ́bsáìtì yín. Kó jẹ́ orúkọ yín, kó jẹ́ ímeèlì yín, kó dẹ̀ kó páswọ́ọ̀dù fún yín kẹ́ ẹ tó san ìyókù owó, torí tí ìjà bá dé, ẹni tórúkọ ẹ̀ wà lórí .com.ng yẹn ni wọ́n máa gbà pé ó ni ín.