Iṣẹ́ àwọn agbinàtọ̀ màálù kan ní Ìlọrin, àti akọ tí wọ́n yàn fún mi

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni màálù mi kan kú sórí àkọ́bí rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n gbin àtọ̀ Friesian, ẹ̀yà màálù òyìnbó ńlá kan, sí i, nítorí pé àyà fífẹ̀ àti èjìká ńlá akọ inú àwòrán náà wọ̀ mí lójú. Èjìká yẹn gan-an ló há ọmọ náà mọ́ ìbàdí ìyá rẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta la fi okùn fà á títí ilẹ̀ fi mọ́. Òkú ọmọ la fà jáde, ìyá kò sì lè dìde mọ́.

Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn yìí nìyẹn. Oko mi kò jìnnà sí Àjàṣẹ́-Ìpo, wọ́n sì máa ń wá láti Ìlọrin. Dókítà ẹran wọn kò tilẹ̀ kọ́kọ́ dárúkọ akọ kankan. Ó fi tépù yí àyà ẹgbọrọ abo White Fulani mi, ẹ̀yà màálù àwọn Fúlàní, ká, ó ní kò tíì tó ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tí yóò ní bó bá dàgbà tán, nítorí náà kí n lọ bọ́ ọ fún oṣù mẹ́rin sí i. Inú mi kò dùn, ṣùgbọ́n òtítọ́ ló sọ.

Nígbà tí àsìkò tó, ó ṣí ìwé àwọn akọ fún mi, ó sì ṣàlàyé ohun tí n kò mọ̀ rí: oríṣi ìwọ̀n ìrọ̀rùn ìbí méjì ló wà nínú ìwé náà. Ọ̀kan ń sọ bí ọmọ tí a bá fi àtọ̀ akọ náà bí yóò ṣe rọrùn láti bí sí. Èkejì ń sọ bí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ yóò ṣe rọrùn sí nígbà tí àwọn náà bá ń bímọ. Ẹni tó ní alákọ̀ọ́bí nílẹ̀, ti àkọ́kọ́ ni kó wò. Jersey, ẹ̀yà màálù òyìnbó kékeré, ló yàn, nítorí ọmọ rẹ̀ sábà máa ń wà ní nǹkan bíi kílò 25, nígbà tí ti Friesian máa ń tó 40. Àwọn ará gáà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi akọ kúkúrú náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Ibi tí wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó ni àkókò. Màálù tí a bá rí láàárọ̀ pé ó ń wá akọ, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló yẹ kí wọ́n gbin àtọ̀ sí i. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n tó dé. Oyún kò dúró. Mo tún dúró fún ọjọ́ 21 kó tó tún wá akọ, wọ́n sì tún gba owó kíkún lọ́wọ́ mi, èyí tí mo kà sí àìdáa. Lẹ́ẹ̀kejì, mo pè wọ́n kí oòrùn tó yọ, wọ́n sì dé lásìkò.

Ọjọ́ 282 lẹ́yìn náà ló bí, ní ìdájí, láìsí okùn, láìsí ariwo. Nígbà tí mo fi máa mú tọ́ọ̀ṣì dé, ó ti ń lá ọmọ náà. A gbé e sínú àpò, a fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n: kílò 23.

Akọ ni ọmọ náà, àwọn oníbàárà ní kárà, ọjà màálù, Àjàṣẹ́ kì í sì í sanwó gidi lórí ẹran tí kò sanra, nítorí náà n kò retí èrè púpọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn màálù mi tó ti bí ẹ̀ẹ̀mẹta ni n óò fi akọ ńlá sí. Fún alákọ̀ọ́bí, àwọn wọ̀nyí náà ni n óò tún pè, ṣùgbọ́n n óò ti bá wọn sọ̀rọ̀ owó ẹ̀ẹ̀kejì kí wọ́n tó kúrò ní Ìlọrin.