Propeller wọn dára gan-an, àmọ́ spinner wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di oníjà

"Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, o ò ní rí i mọ́." Ohun tí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó gbẹ́ propeller mi, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tó ń fa bàálù síwájú, wí fún mi lórí fóònù nìyẹn, nígbà tí mo pè é pé spinner tuntun tí mo rà lọ́wọ́ wọn, ìyẹn ìdérí ṣóńṣó tó bo àárín propeller, ń mì. Inú bí mi débi pé mo gbé fóònù sílẹ̀ kí n má baà sọ ohun tí kò yẹ. Mo ti yọ àwọn púlọ́ọ̀gì òkè kí ẹ́ńjìnnì lè yí wẹ́rẹ́, mo ti pa magneto tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, mo gbé igi tín-ín-rín kan síwájú ṣóńṣó spinner náà kó máa tọ́ka sí i, mo wá ń fọwọ́ yí propeller díẹ̀díẹ̀. Ṣóńṣó ọ̀hún ń kúrò lójú igi, ó ń padà, bí òkòtó tí agbára rẹ̀ ń tán lọ. Ohun tó ń mì báyìí tí a bá ní kó yí nígbà 2,700 láàárín ìṣẹ́jú kan, àyíká ojú síkúrù ni yóò ti kọ́kọ́ sán. Ẹni tó ń ta ọjà yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù mí lọ.

RV-9A ni bàálù mi, èmi ni mo kàn án fúnra mi ní Texas, ẹ́ńjìnnì Lycoming O-320 tó ní agbára ẹṣin 160 ló wà níwájú rẹ̀. Propeller onígi tí wọ́n fi fáíbà bò ni mo yàn. Igi máa ń gba gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin mọ́ra ju irin lọ, ó sì fúyẹ́. Ẹ má gbàgbé pé fífúyẹ́ yẹn ń ti ibi tí ìwọ̀n bàálù ti dọ́gba sẹ́yìn o, ẹ tún ìṣirò yín ṣe kí ẹ tó fò.

Ní ti pitch, ìyẹn iye ìǹṣì tó yẹ kí propeller fi tẹ̀ síwájú tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, mo gbé òṣùbà fún wọn. Wọ́n bi mí bí pápá mi ṣe gùn tó, wọ́n bi mí bóyá ìrìn jíjìn ni mo fẹ́ tàbí gígòkè kíákíá. Pitch ńlá máa ń sáré lókè, àmọ́ ó máa ń lọ́ra láti gbéra. Èyí tó kéré máa ń gòkè fíofío, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì á tètè kọjá 2,700 tó jẹ́ òpin rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, wàá sì máa fa ọwọ́ iná sẹ́yìn. Nínú ooru Texas, níbi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́lẹ́, mo ní kí wọ́n fún mi ní èyí tó fì sí gígòkè díẹ̀. Ohun tí wọ́n gbẹ́ fún mi gan-an nìyẹn, ó sì dán gbinrin.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí spinner. Nígbà tí mo tún pè, ẹni tó gbé fóònù ní crankshaft mi, ìyẹn ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì tó ń yí propeller, ló wọ́. Crankshaft! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ẹ́ńjìnnì rí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń náni. N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Bàbá àgbàlagbà kan láti yàrá iṣẹ́ wọn ló padà pè mí, n kò tiẹ̀ retí rẹ̀. Kò bá mi jiyàn rárá. Ó ní kí n yọ spinner kúrò, kí n dá àwo ẹ̀yìn tó ń gbé e dúró nìkan sí i, kí n fi gééjì tó ń wọn bó ṣe ń yà kàn án létí, kí n wá sàmì síbi tó ga jù. Ó ní kí n tú u, kí n yí àwo yẹn lọ sójú bóòtù tó tẹ̀ lé e, kí n sì tún un wọ̀n. "Bí ibi gíga náà bá bá àwo rìn, àwo ló jẹ̀bi. Bó bá dúró sójú kan náà lára ẹ́ńjìnnì, ká wá sọ ti crankshaft." Ó dúró lórí fóònù títí mo fi ṣe é tán. Ibi gíga náà bá àwo rìn! Ìdí mi balẹ̀ sórí àpótí irinṣẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá yẹn bí ẹni pé òun ló bí mi.

Àwo tuntun dé, ó bọ́ sójú ẹ̀ geerege. Àlàfo tó wà láàárín spinner àti bònẹ́ẹ̀tì jẹ́ ìdámẹ́rin ìǹṣì yíká, ṣóńṣó rẹ̀ kò sì kúrò lójú igi mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló san owó tí wọ́n fi kó ẹrù náà ránṣẹ́? Èmi ni! Wọ́n ní ìlànà ni. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́ yàtọ̀ sí bàbá yẹn.

Nítorí pé propeller yìí kò ní ìwé ẹ̀rí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì mi, wákàtí 40 ni FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ní kí n fi dán bàálù wò dípò 25. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbádùn. Ó ń gòkè bí mo ṣe fẹ́, ìjókòó kì í gbọ̀n, ife omi tí mo gbé kalẹ̀ kì í jì. Mo yẹ ìdè bóòtù wò lẹ́yìn ìfò àkọ́kọ́, mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò nígbàkúùgbà tí ojú ọjọ́ bá yí, torí igi máa ń wú, ó sì máa ń sún kì. N kò ní fi pààrọ̀ èyíkéyìí tí mo ti fò rí.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Bí wọ́n bá dá owó ẹrù mi padà, tí wọ́n sì fi bàbá yẹn sídìí fóònù, mo ṣe tán láti yí i padà.