Télọ̀ alákùkọ, lọ́nà ààfin Ṣọ̀ún

Kí n tètè sọ ọ́: bó bá jẹ́ aṣọ àríyá Sátidé yìí lẹ fẹ́ rán, ẹ má gbé e lọ bá Bàbá yìí. Ọ̀la tiwọn kì í ṣe ọ̀la tèmi tìrẹ. Àmọ́ bó bá jẹ́ aṣọ tẹ́ ẹ máa fọ̀ láfọ̀túnfọ̀, tí ojú rírán rẹ̀ ò ní yẹ̀, lẹ ń wá, ẹ fara balẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù wọn ò ní pátákó. Ọ̀nà tó lọ sí ààfin Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ló wà, láàárín ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ láfún àti ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ béèrè Bàbá Télọ̀ lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́lùbọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó ń lo iná, wọ́n ti da aṣọ bò ó, eruku ti gbà á. Singer dúdú ẹlẹ́sẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ ò ní gbọ́ "kò síná" lẹ́nu wọn. Àwáwí tiwọn yàtọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ má débẹ̀ láàárín aago kan sí mẹ́ta.

Yáàdì mẹ́rin gínnì aláwọ̀ búlúù ni mo gbé lọ, bùbá àti ṣòkòtò ṣóóró. Wọ́n fa tẹ̀ẹ́pù yọ lọ́rùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n mí, wọ́n ń pe iye rẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ wọn: "Talatin da biyu. Ashirin da huɗu." Ọmọ náà ò gbójú sókè, ó ń kọ 32, ó ń kọ 24. Èmi ni mo yíjú pa dà. Bàbá tí wọ́n kọlà gọ̀m̀bọ́, tí wọ́n ń sọ ojúlówó èdè Ògbómọ̀ṣọ́, kí ló dé tó jẹ́ Haúsá ni wọ́n fi ń ka nǹkan?

Bí ìyá mi, tí wọ́n bí sí Gánà, ṣe ń ka owó nìyẹn. Bí wọ́n bá ti kà kọjá ogún, wọ́n á bọ́ sí Haúsá. Wọ́n ní ta ló fẹ́ máa wá eéjì tó dín lọ́gọ́ta kiri nígbà tí oníbàárà ti nawọ́?

"Bàbá, ṣé Gánà lẹ gbé ni?"

Tẹ̀ẹ́pù dúró lọ́rùn mi. "Ọmọ ta ni ẹ́?"

Mo ní ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá mi. Wọ́n mirí, ìyẹn ò wúlò fún wọn. Ìyá mi ńkọ́? Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Tàmálè ni wọ́n bí wọn sí. "Ọmọ ta ní Tàmálè?" Mo ní ọmọ Ìyá Tàmálè. Ẹ̀rín pa wọ́n. "Ìyá Tàmálè wo nínú igba?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò ní Gánà láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Gold Coast, wọ́n sì pọ̀ lọ́jà àríwá ibẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fún àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ bọ̀, ìlú tó ti bọ̀ ló ń jẹ́ lórúkọ títí dòní. Ẹ pe "Ìyá Tàmálè" lọ́jà, ẹni mẹ́ta á dáhùn.

Mo wá ní, èyí tó ní àpá iná lẹ́yìn ọwọ́ òsì, tó ṣe ṣóńṣó bí ewé ata.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Bàbá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti orí bọ abẹ́ tábìlì, wọ́n gbé àyọ́ọ̀nù eléèédú kan jáde, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Àkùkọ kékeré kan wà níwájú ìdérí rẹ̀, òun ni wọ́n ń yí kó tó ṣí. Àgógó rẹ̀ ti kán. Igi ọwọ́ rẹ̀ ti jẹ ní àárín, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ bàbá wọn ti ń dì í mú. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo ń fẹ́ná sí i. Mo gbé e sétí tábìlì."

Wọn ò parí ọ̀rọ̀ náà. Mo ti mọ ìyókù, torí wọ́n ti sọ ọ́ nílé wa láìmọye ìgbà: Màmá, ìyá ìyá mi, lọ gba aṣọ, àyọ́ọ̀nù yẹ̀, wọ́n sì nawọ́ hán an kó má baà já lé ọmọ télọ̀ lẹ́sẹ̀. Nínú ìtàn tiwa, ọmọ télọ̀ ò lórúkọ.

Ọjọ́ náà ni mo ti kúrò ní oníbàárà. Wọn ò gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Nínú ìwé ìwọ̀n, ọmọ iṣẹ́ fa igi lé orúkọ mi, ó kọ "Àyọ́ọ̀nù" sí i. Ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n dá di mẹ́ta. Mo pe ìyá mi kí n ráhùn, àṣé wọ́n ti gba nọ́ńbà ara wọn; ìyá mi ní kí n má dààmú ẹ̀gbọ́n àwọn. Nígbà tí aṣọ wá jáde, ṣóóró mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di kẹ̀ǹbẹ̀. Bàbá ní ọmọ ọmọ Màmá ò gbọdọ̀ máa gbé ẹsẹ̀ lékeléke kiri ìgboro. Ká ní télọ̀ tí a ò mọra ni, mi ò bá ní kó tú u.

Ìránṣọ ńkọ́? Kò sí àròyé. Wọ́n ká etí rírán sínú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ yí bùbá náà síta, inú rẹ̀ mọ́ bí ẹ̀yìn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ọrùn rẹ̀, òwú búlúù lórí búlúù, ẹ máa sún mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó rí i. Àpò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gba fóònù tán. Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. ₦7,000 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì fún bùbá àti ṣòkòtò. Wọ́n kọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tèmi, mo bá rọ́ ọ sábẹ́ ìwé ìwọ̀n. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, dírẹ́bà kan gbé àpò láfún wá sílé ìyá mi ní Ọ̀yọ́. Mo mọ owó tí wọ́n fi rà á.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Màmá lórí fóònù. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, etí ọ̀tún nìkan ni wọ́n fi ń gbọ́rọ̀ dáadáa, mo sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já.

"Àyọ́ọ̀nù ọ̀hún," wọ́n ní, "ibo ló ń gbé e sí báyìí?"