Aṣọ Ìgunkẹ̀kẹ́ Tó Dára Lówó Pọ́ọ́kú: Ohun Tí Mo Rà Ní Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere ní Abẹ́òkúta mọ̀ pé ìlú yìí kò tẹ́jú. Láti Ọbantokò tí mò ń gbé títí dé ibi iṣẹ́ mi ní Òkè-Ìlewó, kò sí ibi tí èèyàn ti lè jókòó jẹ́ẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa gbé e lọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí a bá ti sọ̀kalẹ̀ tán ni a ó tún máa pọ́n òkè, ìdí á sì máa yí sọ́tùn-ún sósì lórí ìjókòó. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń tọ ọ̀nà yìí, mo sì máa ń fi òwúrọ̀ Sátidé gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ọdẹ̀dá. Ṣòkòtò jíǹsì àti pátá olówùú ni mo fi gun kẹ̀kẹ́ ní gbogbo ọdún kìíní, títí inú itan mi méjèèjì fi bó, tí mo wá ń yán ẹsẹ̀ rìn bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ nílà. Ìgbà yẹn ni mo pinnu pé n ó wá aṣọ tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n owó oṣù mi kò jẹ́ kí n lè wo ẹnu àwọn tó ń ta á ní owó gọbọi.

Kí n tó dé orí ọjà, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sanwó fún. Ṣòkòtò ni olórí aṣọ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, ibi tí ọ̀rọ̀ ṣòkòtò náà sì wà ni tìmùtìmù tí wọ́n rán sí abẹ́ rẹ̀, èyí tí egungun ìdí méjèèjì máa ń gúnlẹ̀ lé. Láyé àtijọ́, nígbà tó jẹ́ pé irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun aṣọ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré nílẹ̀ Yúróòpù, awọ ẹran ni wọ́n ń rán síbẹ̀, wọ́n á sì fi ìpara pa á kó má baà le gbagidi. Ní ọdún 1958 ni wọ́n ṣe okùn kan ní ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà, tó máa ń nà tó sì máa ń súnkì padà, èyí tí ayé wá mọ̀ sí Lycra, òun ló sì gbapò irun àgùntàn nígbẹ̀yìn. Awọ náà ti di fóòmù báyìí. Fóòmù tó nípọn jù kọ́ ló dára jù. Èyí tó ki ni, nítorí pé èyí tó rọ̀ pọ̀ọ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ kí wákàtí kan tó pé, egungun á sì bá ìjókòó lábẹ́ rẹ̀.

A kì í wọ pátá sábẹ́ ṣòkòtò yìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo sọ èyí fún ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ojú rírán pátá àti òógùn tí òwú rẹ̀ máa ń fà mu ló ń họ èèyàn lábẹ́. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ti da owó tìmùtìmù náà nù.

Ọ̀dọ̀ òǹtajà kan tó ń polówó lórí fóònù ni mo ti kọ́kọ́ rà. Èkó ló ti fi ọjà náà ránṣẹ́, mo sì lọ gbà á ní gáréèjì Kútọ̀: ₦14,500 ni owó ṣòkòtò, ₦2,000 sì ni owó ọkọ̀. Tuntun ni, inú ọ̀rá ló wà, wọ́n sì kọ orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá kan láti Ítálì gàdàgbà sí itan rẹ̀. Ilé ni mo dé kí n tó rí i pé lẹ́tà kan ti sọnù nínú orúkọ náà. XL ni wọ́n pè é, àmọ́ XL irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò ju L tí a mọ̀ lọ, nítorí náà ó fún mi níkùn débi pé n kò lè mí dáadáa bí mo bá tẹ̀ síwájú. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí Ọdẹ̀dá ní Sátidé àkọ́kọ́. N kò tíì dé Òṣíẹ̀lẹ̀ tí tìmùtìmù náà fi ká jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí òṣùká, nítorí pé ojú méjì péré ni wọ́n rán an mọ́. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, rọ́bà ẹnu itan rẹ̀ ti dẹ̀. Mo kọ̀wé sí òǹtajà náà. Ó fèsì pé èmi ni mo sanra jù.

Láfẹ́nwá ni mo ti wá bọ́ nínú ìyà. Ẹnì kan tí a jọ ń gun kẹ̀kẹ́ ló júwe ìyá kan fún mi níbẹ̀, tó ń tú béèlì òkìrìkà, tó jẹ́ pé aṣọ eré ìdárayá nìkan ló ń tà. Mo mọ̀ pé òfin ìjọba àpapọ̀ kò fàyè gba kíkó àlòkù aṣọ wọ orílẹ̀-èdè yìí, béèlì sì ń wọlé síbẹ̀síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ju ohun tí mo lè tú níhìn-ín lọ. Ìyá náà kì í gbé ṣòkòtò ìgunkẹ̀kẹ́ kọ́ sójútáyé, nítorí pé àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń rò pé ṣòkòtò ọmọ tí wọ́n fi nápì rán ni. Inú àpò ìrẹsì kan lábẹ́ tábìlì ló ń kó wọn sí. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi àtàǹpàkò tẹ tìmùtìmù wọn wò, kí n lè mọ bí fóòmù náà á ṣe yára padà sípò tó. Ìyá yìí wò mí títí, ó ní, “Bùrọ̀dá, ṣé búrẹ́dì lẹ wá rà ni, tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ẹ̀?” Mo ní, “Ẹ má bínú, Mà, ìdí mi ni mò ń rà á fún.” Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì da gbogbo àpò náà sílẹ̀ níwájú mi.

Èyí tí mo mú jẹ́ dúdú, ó ní okùn gbọọrọ méjì tí à ń gbé kọ́ èjìká, nítorí náà kò sí rọ́bà tí yóò máa há èèyàn níkùn. Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ìwé pélébé tó wà nínú rẹ̀, mo sì rí 80% àti 20% ka níbẹ̀: ìpín mẹ́rin nínú márùn-ún jẹ́ náílọ́ọ̀nù, ìpín kan tó kù sì ni okùn tí ń nà. Ìyá náà pè é ní ₦8,000, a dúnàádúrà títí, mo san ₦5,500.

Àlòkù ni, nítorí náà ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì na ibi ìdí rẹ̀ sí ojú oòrùn. Bí aṣọ náà bá ti gbó, àwọn fọ́nrán funfun wínníwínní á yọ lára rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á sì máa gba inú rẹ̀ wọlé. Ìyẹn ni pé okùn tí ń nà ti kú, ẹni tó bá sì ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn yín á rí ohun tí kò yẹ kó rí. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń yí inú rẹ̀ síta, tí n ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ojú rírán rẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn ọwọ́ mọ ohun tó ń họ ara ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ojú rírán tó dára tẹ́ pẹrẹsẹ, ọwọ́ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n lára. Kí ẹ sì wo ìrísí tìmùtìmù náà: ti obìnrin máa ń fẹ̀ jù ti ọkùnrin lọ níbi egungun ìdí. Mo ti ra ti obìnrin rí láìmọ̀, mo sì mọ̀ kí n tó dé Adátán.

Mo rẹ ṣòkòtò náà sínú omi tútù tí mo kán Dettol sí, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sá a títí ó fi gbẹ táútáú kí n tó jẹ́ kó kan ara mi. Láti ìgbà náà, ibòji ni mo máa ń sá a sí, n kì í lọ̀ ọ́, n kì í sì í lo omi gbígbóná, nítorí pé ooru ló ń pa okùn tí ń nà. Àwọn omi olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀ kò dára fún un pẹ̀lú, wọ́n máa ń dí ojú tí òógùn yẹ kó gbà jáde. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń wọ̀ ọ́ báyìí, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Òwú ẹyọ kan ló tíì já níbi okùn èjìká, itan mi kò sì bó mọ́.

Ti ẹ̀wù kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi sọ ọ́ di líle. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá télọ̀ kan ní Aṣérò. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ní Abẹ́òkúta níbí, ẹ ń wá aṣọ kiri? Kí wá ni àdìrẹ ń ṣe?” Orí mi wú gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ẹ̀gbá. Mo ra ọ̀pá méjì ní Ìtòkú, ó sì rán an bó ṣe yẹ: sípù láti ọrùn dé ìdodo, ẹ̀yìn tó gùn ju iwájú lọ, àpò mẹ́ta ní ìbàdí lẹ́yìn. Ó dùn ún wò. Ní Pánṣékè, àwọn ọlọ́kadà ń kí mi. Ṣùgbọ́n òwú máa ń mu omi, kì í sì í tètè gbẹ, nítorí náà kí n tó dé Ọdẹ̀dá ni ẹ̀wù náà ti rin gbindingbindin, àpò rẹ̀ sì ti wọ́ dé orí ìjókòó. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni atẹ́gùn bá òógùn lára, òtútù sì mú mi nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Aró rẹ̀ ya sí mi lẹ́yìn pẹ̀lú. Ìyàwó mi ní òun kò mọ̀ pé èmi gan-an ni wọ́n fẹ́ pa láró.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni jẹ́sì bọ́ọ̀lù. Mo ra ọ̀kan tó ní àwọ̀ ọsàn títàn ní ₦3,500 lẹ́bàá pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀, nínú àwọn tó ṣẹ́kù látìgbà ìdíje eré ìdárayá orílẹ̀-èdè tó wáyé nílùú yìí ní 2025. Pọ́líẹ́sítà ni, òógùn kì í dúró lára rẹ̀, àwọn awakọ̀ akẹ́rù ojú ọ̀nà Ìbàdàn sì lè rí mi lókèèrè. Télọ̀ mi gé jẹ́sì àtijọ́ kan fi ṣe àpò ẹ̀yìn, ó fi rọ́bà sí ẹnu àpò náà kí fóònù má baà fò jáde, ó gba ₦4,000. Ó ní òun lè bá mi rán ṣòkòtò náà pẹ̀lú, mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń rán ojú pẹrẹsẹ tí mo wí yẹn sábà máa ń lo abẹ́rẹ́ mẹ́rin àti òwú mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Butterfly tiẹ̀, abẹ́rẹ́ kan ló ní. Àmọ́ ó mọ àtúnṣe ṣe: òun ló máa tún ibi tí òwú ti já lára okùn èjìká yẹn rán.

Ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀, ibi tó bá wu yín ni kí ẹ ti rà wọ́n. Ti akoto nìkan ni n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ra àlòkù, nítorí pé a kì í mọ èyí tó ti forí gbá ilẹ̀ rí.

Gbogbo owó tí mo ná sórí ṣòkòtò àti ẹ̀wù tí mò ń wọ̀ báyìí jẹ́ ₦13,000, kò tó owó ṣòkòtò tuntun tó ká jọ bí òṣùká yẹn nìkan. Àléébù ọjà ti Láfẹ́nwá ni pé ẹ kò lè yan àwọ̀, ẹ kò sì lè sọ pé ọ̀sẹ̀ yìí ni ẹ ó rí èyí tó bá yín mu. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ìyá náà sábà máa ń tú béèlì, aago méje kì í sì í bá àwọn tó gbọ́n nílé. Mo dé ibẹ̀ ní aago mẹ́wàá lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ mú ẹyọ kan sí i tí n ó máa fi pààrọ̀. N kò tíì sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ tí ìyá náà fi rí mi, ó sì ké láti ìdí tábìlì rẹ̀ pé, “Bùrọ̀dá, búrẹ́dì ti tán o!”